Báwo ni mo ṣe lè kọ dírágónì olóore ní èdè Yorùbá?

Olùkọ́ Adó béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí ní Adó-Èkìtì, mo sì ti ń kọ ìtàn àròsọ kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ìlú inú ìtàn náà kò sí láyé yìí, ṣùgbọ́n òkè ló yí i ká bí òkè ṣe yí tiwa ká, dírágónì kan sì ń gbé inú ihò àpáta tó wà lókè ìlú. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú, tí àwọn àgbẹ̀ ti gbin iṣu, tí wọ́n sì ti fi koríko gbígbẹ bo orí ebè kí oòrùn má baà ba iṣu inú rẹ̀ jẹ́, dírágónì yìí máa ń sọ̀kalẹ̀ lóru, yóò sì mí èémí tútù sí orí ebè kọ̀ọ̀kan, tó bẹ́ẹ̀ tí ìrì á máa kán lára koríko náà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Mo ka orí kìíní fún kíláàsì mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kì í ṣe Sátánì nìyẹn?" Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rárá, inú Ìwé Ìfihàn, orí 12, ni ó ti mọ dírágónì. N kò fẹ́ kí ó máa fi ìbẹ̀rù ka ìtàn mi, n kò sì fẹ́ tàbùkù ohun tí wọ́n kọ́ ọ nílé. Ẹ bá mi dá sí i: ṣé kí n wá orúkọ mìíràn fún ẹ̀dá yìí ni, àbí ọ̀nà wà tí mo lè gbà kọ ọ́ tí oore rẹ̀ yóò fi dá òǹkàwé lójú?

Ọmọ Ìkògòsì dáhùn:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làálàá. Ẹ má yí orúkọ rẹ̀ padà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà mọ̀ pé dírágónì inú Ìfihàn nìkan kọ́ ni aráyé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, òjò ni iṣẹ́ dírágónì. Inú odò àti òkun ni wọ́n gbà pé ó ń gbé, òun sì ni àwọn àgbẹ̀ máa ń bẹ̀ nígbà ọ̀dá. Ó wà lára àwọn ẹranko 12 tí wọ́n fi ń ka ọdún. Ọjọ́ 10 oṣù Kejì, 2024 ni ọdún dírágónì tó kọjá bẹ̀rẹ̀. Ní Bhutan, dírágónì funfun ló wà lára àsíá orílẹ̀-èdè wọn, ó fi èékánná di òkúta iyebíye mú, ohùn rẹ̀ ni wọ́n sì ka àrá sí. Ẹni tó bá dàgbà níbi tí àrá ti ń sán láti òkè kan bọ́ sí òmíràn yóò tètè lóye ìyẹn.

Ohun tó wù mí kí ẹ mú wọ inú ìtàn náà ni omi tiwa. Ní Ìkògòsì, omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn wá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn a sì pàdé. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, a máa ń ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ ọ̀kan, a ó ti ẹsẹ̀ òsì bọ èkejì, a ó wá di ojú, kí a lè mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. N kò mọ ibẹ̀ títí di òní. Bí iná bá wà nínú dírágónì yín rárá, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ irú ooru bẹ́ẹ̀, tí ọmọdé lè ti ẹsẹ̀ bọ̀.

Ọmọ Olókè dáhùn:

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣáájú mi, àmọ́ ẹ wo ilé kí ẹ tó lọ sí ọ̀nà jíjìn. Erè, ejò ńlá nì, ni àwọn baba wa so òṣùmàrè mọ́, wọ́n sì máa ń sọ pé ẹni tó bá rí imí òṣùmàrè ti di olówó. Bàbá mi àgbà sọ ọ́ fún wa, a sì sáré tẹ̀ lé òṣùmàrè dé ìdí òkè lọ́jọ́ kan, tí aṣọ wa fi rin gbingbin. N kò sọ pé kí ẹ pe dírágónì ní Òṣùmàrè o; òrìṣà ni, ó ní àwọn tó ń bọ ọ́, kò sì yẹ kí a sọ ọ́ di ẹranko inú ìtàn. Ẹ jẹ́ kí ó máa jẹ́ dírágónì, kí ẹ sì kọ oríkì fún un, nítorí ẹni tí a bá ti kì, a kì í fi ojú àjèjì wò ó mọ́. Mo gbìyànjú díẹ̀:

*Abìpẹ́ gbàràgàdà bí òrùlé ààfin,*
*A-mí-sórí-ebè-kí-ìrì-ó-sẹ̀,*
*Ó gùn lókè, kò tẹ ilé ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀,*
*Ọyẹ́ dé, arúgbó ń yáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.*

Ìyá Ìjerò dáhùn:

Olùkọ́, ọ̀rọ̀ orúkọ kọ́ ló ń kọ mí lóminú. Dírágónì yín ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́, ìlú sì ń sùn. Ọmọdé kì í gba irú oore bẹ́ẹ̀ gbọ́, torí kò rí i nílé. Ìyá tó ń fún un lóúnjẹ náà ló ń rán an lọ sódò. Ẹ wo Olósùnta ní Ìkéré: òkè wà, ìlú náà sì ní ọdún tí wọ́n ń ṣe fún un. Ẹ fún dírágónì yín ní èèwọ̀ kan. Kí ó sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi tó wà níbi tí odò ti ń sun, kí ẹnì kan sì wá gé e. Ohun tí ó bá ṣe lọ́jọ́ náà ni a ó fi mọ̀ bóyá olóore ni lóòótọ́, tàbí kò kàn tíì bínú rí ni.

Ẹ tún jẹ́ kí oore náà ni ín lára. Mo ti ń rí i lọ́kàn mi: odò kún lọ́jọ́ ọjà, àwọn ìyá tó ru iṣu dúró sí etídò, dírágónì wá na ara rẹ̀ lé odò bí afárá. Ara rẹ̀ gbóná, nítorí náà wọ́n ń já ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n ń tẹ́ ẹ sórí ìpẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ lé e. Omi ń gbá a níhà, kò mira. Arúgbó tó kọjá kẹ́yìn wá fọwọ́ gbá a lẹ́yìn jẹ́jẹ́, ó ní, "O ṣé é, ọkọ mi."

Olùkọ́ Adó dáhùn:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará. Mà, mo ti kọ èèwọ̀ yẹn sí i, mo sì ka ti afárá fún wọn lánàá pẹ̀lú oríkì Ọmọ Olókè. Ọmọbìnrin yẹn tún nawọ́. Ó ní, "Sà, bí omi yẹn bá wá mú òtútù bá a ńkọ́, ta ló ń tọ́jú òun náà?" Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ orí kejì.