Ṣé kí n fi fótò òde sílẹ̀ nítorí fótò ìtàn?

Ọmọ Onífótò:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìbàdàn ni mo wà, ìgbéyàwó àti ìnáwó òkú ni mò ń yà. Ṣùgbọ́n àwọn aláró àdìrẹ ni ọkàn mi fẹ́ yà, kí iṣẹ́ ọwọ́ wọn má parun láìsí ẹ̀rí. Ọ̀gá mi ní ebi ló máa pa mí. Bàbá mi àgbà náà fi páálí nẹ́gátíìfù kan sílẹ̀, ó ń rùn bí ọtí kíkan.

Kámẹ́rà Àtijọ́:
Àbúrò, má fi òde sílẹ̀ o. Bàbá J.D. 'Okhai Ojeikere, onífótò ọmọ Emai ní Ẹdó, inú dákúrúùmù (yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fótò) ìjọba ní Ìbàdàn yín níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní 1954. Nígbà tó yá, wọ́n ń ya fótò ìpolówó ọjà fún West Africa Publicity l'Ékòó. Ẹnu iṣẹ́ yẹn ni wọ́n wà ní 1968 tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí ya irun dídì: lóde àríyá, ní ọ́fíìsì, létí títì. Irun náà tó nǹkan bí 1,000.

Wo ọ̀kan dáadáa. Ẹ̀yìn orí ni wọ́n sábà máa ń yà, o ò ní rí ojú obìnrin náà, ṣùgbọ́n gbogbo ìlà tí onídìrí là ló hàn kedere. Onídìrí òní lè wò ó kó sì dì í. Wọ́n tún pa orúkọ irun mọ́: Onílé Gogoro rèé, Abẹ̀bẹ̀ rèé. Èyí ló dùn mọ́ mi jù. Tó o bá ya aláró, tó ò kọ orúkọ àdìrẹ náà, àdúgbò àti ọdún, kí ni àwọn ọmọ wa máa fi mọ̀ ọ́n?

Atọ́jú Fíìmù:
Òórùn yẹn kì í ṣe kékeré. Fíìmù yẹn ló ń jẹra, ó sì ń ràn mọ́ èyí tó wà nítòsí rẹ̀. Ya èyí tó ń rùn sọ́tọ̀ lónìí. Kó wọn kúrò nínú ọ̀rá, àpò ìwé ló yẹ wọ́n, níbi tó tutù tó sì gbẹ. Má fomi fọ̀ wọ́n. Èyí tó bá ti ń ká kò ni kó o kọ́kọ́ dà sórí kọ̀ǹpútà.

Ọmọ Onífótò:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ṣé ó yẹ kí n sanwó fún aláró tí mo bá yà?

Kámẹ́rà Àtijọ́:
Tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn ná, kó o tó gbé kámẹ́rà sókè. Tó o bá ti tẹ fótò náà, mú ẹ̀dà kan lọ fún wọn.