Ẹ gbà mí o, wọ́n ní iṣan ẹ̀jẹ̀ mi ti le

Baba Tóbi: Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ọkàn mi ò balẹ̀. Ọmọ ọdún 46 ni mí, mi ò sanra, mi ò mutí, iyọ̀ gan-an mi ò jẹ ẹ́ púpọ̀. Dókítà kékeré kan wọn bípì mi, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ó ní 164/72, ó tún gbé nǹkan kan lé mi lọ́rùn àti ìdí itan, ó ní ìlù ọkàn mi ń sáré gba inú iṣan ní mítà 11 ní sẹ́kọ́ǹdì kan, pé iṣan mi ti le ju ọjọ́ orí mi lọ. Láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti fi mí jókòó o, ẹnikẹ́ni ò dá mi lóhùn. Ṣé ẹ̀rọ wọn ò ti bàjẹ́ báyìí?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Bí ti ẹ̀gbọ́n mi ṣe rí nìyẹn, nọ́ńbà bípì tòkè ga tìsàlẹ̀ wálẹ̀, a ń dúpẹ́ pé tìsàlẹ̀ dáa, àfi ìgbà tí rọpárọsẹ̀ dé.

Ọmọ Àgbà: Ẹ dín iyọ̀ kù.

Baba Tóbi: Mo ní mi ò jẹ iyọ̀ púpọ̀! Ṣé ẹ tiẹ̀ ka ohun tí mo kọ?

Nọ́ọ̀sì Ṣadé: Ẹ má bínú sà, ṣé ẹ máa ń fa sìgá?

Ìyá Ìbejì: Gbogbo àìsàn náà ni sìgá ni? Bàbá bàbá mi fà á títí wọ́n fi lé ní 80.

Nọ́ọ̀sì Ṣadé: Àwọn tó yè lẹ̀ ń rí mà. Iṣan ńlá tó jáde látinú ọkàn yẹ kó máa fà bí rọ́bà tí ẹ̀jẹ̀ bá ya wọ inú ẹ̀. Sìgá ń ba awọ inú ẹ̀ jẹ́, nitric oxide tó ń mú iṣan dẹ̀ á dín kù, okùn tó ń jẹ́ kó fà á máa já díẹ̀díẹ̀, èyí tó yi á rọ́pò ẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí tòkè àti tìsàlẹ̀ jìnnà síra wọn. Tí eré ìlù ọkàn nínú iṣan bá ti kọjá mítà 10 ní sẹ́kọ́ǹdì kan, a kì í fojú kékeré wò ó.

Baba Tóbi: Tèmi ò pọ̀ jàre, márùn-ún sí mẹ́fà lójúmọ́, mo sì ti ń fi ti oníbátìrì rọ́pò ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn mo kàn fa ọ̀kan níta kí wọ́n tó pè mí ni, torí wọ́n ti mú mi bínú.

Ọmọ Àgbà: Ẹ wá ń bú ẹ̀rọ!

Nọ́ọ̀sì Ṣadé: Há! Ọ̀kan ṣoṣo pàápàá ń mú iṣan le fúngbà díẹ̀, ti oníbátìrì tó ní nicotine náà ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un wọ̀n. Ẹ má fa nǹkankan fún 30 ìṣẹ́jú ó kéré tán kí wọ́n tó wọn bípì, wákàtí 3 fún ti iṣan. Àmọ́ kẹ́ ẹ jáwọ́ pátápátá ni mo fẹ́ sà, iṣan lè padà dẹ̀, ó kàn máa ń gba ọdún ni.

Baba Tóbi: Mo gbọ́. Oògùn tí wọ́n fún mi ńkọ́, kí n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá tún un wọ̀n?

Ìyá Ìbejì: Ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?! Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ pe dókítà yẹn lónìí.