Ajábọ̀ ni, kì í ṣe amọ̀lára: lórí orúkọ TPS inú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi

Àbá mẹ́ta ló ti wà nílẹ̀ fún orúkọ tí a ó fún throttle position sensor (TPS), ìyẹn sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì bí ọ̀nà afẹ́fẹ́ ṣe ṣí tó, nínú ìwé ìtọ́sọ́nà ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tí a ń túmọ̀. Àbá kìíní ni "amọpò ìfúnlọ́rùn". Ìkejì ni "amọ̀lára ìtẹná". Ẹni tó mú ìkẹta wá ní kí a má wulẹ̀ da ara wa láàmú, pé TPS tí àwọn mẹkáníìkì ń pè é ti tó. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn méjì àkọ́kọ́ tẹjú mọ́, wọn kò wo inú ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ìfúnlọ́rùn. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, throttle, bá ọ̀fun tan, wọ́n sì ń lò ó fún kí èèyàn fún ẹlòmíràn lọ́rùn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ṣí ẹ́ńjìnnì, ihò roboto kan lẹ máa rí tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ihò náà, tí wọ́n dè mọ́ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Bí ọ̀pá bá yí síhìn-ín, ọ̀nà ṣí. Bó bá yí sọ́hùn-ún, ọ̀nà dí. Ta ni wọ́n wá ń fún lọ́rùn níbẹ̀? Ilẹ̀kùn ni nǹkan yìí, ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́.

Wọ́n ti takò mí pé ilẹ̀kùn kì í ju kó ṣí tàbí kó tì lọ, bẹ́ẹ̀ ti inú ẹ́ńjìnnì lè dúró níbikíbi láàárín méjèèjì. Mi ò gbà. Yorùbá mọ ilẹ̀kùn tó ṣí díẹ̀, ó mọ èyí tó ṣí dé ìdajì, ó sì mọ èyí tó ṣí gbayawu. Gbayawu yìí gan-an ló bọ́ sí mi lẹ́nu jù, torí ibi tí ìwé bá ti ń sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti ọ̀pá ìdarí rẹ̀ síwájú títí tí kò tún níbi tó máa lọ mọ́, "ilẹ̀kùn ṣí gbayawu" ti parí ẹjọ́.

Ìtẹná ní tirẹ̀ wá láti ẹnu awakọ̀ mọ́tò, ó sì dára fún mọ́tò. Àmọ́ kò wọ́pọ̀ kí èèyàn máa fẹsẹ̀ tẹ nǹkan kan nínú ọkọ̀ ojú omi. Ọwọ́ ni wọ́n sábà fi ń ti ọ̀pá ìdarí síwájú tàbí sẹ́yìn. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni "iná". Ìwé tí a ń túmọ̀ kún fún bátìrì àti wáyà, ẹni tó bá sì rí iná níbẹ̀, iná mànàmáná ló máa wá sí i lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀kùn yìí kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú iná tàbí epo tààrà. Afẹ́fẹ́ ló ń gbà á kọjá. Nínú ẹ́ńjìnnì tó ń fi injector fọ́n epo, ọpọlọ ẹ́ńjìnnì, ìyẹn kọ̀ǹpútà rẹ̀, ló ń ṣírò iye epo tó yẹ, ọ̀kan lára ohun tó sì fi ń ṣírò rẹ̀ ni bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí tó.

Ibẹ̀ la ti máa rí orúkọ sẹ́ńsọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ìmọ̀lára jẹ́ ti ayọ̀, ìrora, òtútù; ẹlẹ́mìí ló ni ín. Ohun tí ẹ̀rọ kékeré yìí ń ṣe kò jẹ mọ́ ìyẹn. Orí ọ̀pá ilẹ̀kùn ló jókòó sí. Wáyà mẹ́ta ló sábà máa ń ní: ọ̀kan gbé fóltì 5 wá láti ọ̀dọ̀ ọpọlọ, ọ̀kan jẹ́ ti ilẹ̀ (ground), ìkẹta sì ń gbé èsì padà. Nínú rẹ̀, ìka irin kékeré kan ń rìn lórí ipa kan bí ọ̀pá ṣe ń yí, fóltì èsì sì ń gòkè pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀kùn bá tì, èsì máa ń wà ní nǹkan bíi 0.5, tó bá ṣí gbayawu, ó lè súnmọ́ 4.5. Ìwé ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ló máa sọ iye tirẹ̀ gan-an. Ìránṣẹ́ tí wọ́n fi sẹ́nu ọ̀nà, tó ń jábọ̀ fún baálé, ni. Mo dábàá "ajábọ̀ ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́".

Ẹ ó rí i pé mo yọ "ipò", ìyẹn position, kúrò. Ipò lè jẹ́ oyè, ó lè jẹ́ ààyè, ẹlòmíràn sì lè rò pé ibi tí wọ́n ti de sẹ́ńsọ̀ mọ́ là ń sọ. Kí ni ajábọ̀ ilẹ̀kùn tún fẹ́ jábọ̀ bí kì í bá ṣe bí ilẹ̀kùn ṣe wà?

Àtakò kan wà tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Tí a kò bá fi àmì ohùn sí i, ẹnì kan lè kà á sí "ajábọ́", ohun tó já bọ́, orúkọ tí kò sunwọ̀n fún nǹkan tí wọ́n fi ìdè méjì péré dè mọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń gbọ̀n. Ẹ fi àmì sí i, ó tán.

Àǹfààní ajábọ̀ hàn gbangba nígbà tó bá bàjẹ́. Ipa inú rẹ̀ máa ń jẹ níbi tí ìka ti ń rìn jù, pàápàá lápá ibi tí ilẹ̀kùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tì, tí ẹ́ńjìnnì ti ń kùn lójú kan. Ajábọ̀ á wá máa parọ́, ọpọlọ á sì gbà á gbọ́. Ẹ́ńjìnnì á máa ṣe ségesège, á fẹ́ kú tí wọ́n bá ti ọ̀pá ìdarí síwájú, tàbí kí ọpọlọ dín agbára rẹ̀ kù. Ẹ fi amọ̀lára sọ gbólóhùn yẹn ná: "amọ̀lára ń parọ́"? Kò gbà á.

Mo gbìyànjú láti fi kọ iṣẹ́ náà jáde: "Yọ okùn tó ń pa ẹ́ńjìnnì, kí o sì tú ẹsẹ̀ òdì (negative) bátìrì. Tẹ ìkọ́ tó di orí wáyà mú kí o tó fà á; má fa wáyà fúnra rẹ̀. Bí ojú orí wáyà bá ti di àwọ̀ ewé nítorí omi iyọ̀, nù ún kí o tún dán an wò, torí ó lè jẹ́ pé ajábọ̀ kò jẹ̀bi. Ha àmì sí ibi tí ajábọ̀ àtijọ́ dúró sí. Tú ìdè méjèèjì. Rí i pé ilẹ̀kùn tì, fi tuntun bọ orí ọ̀pá, yí i díẹ̀ títí ihò ìdè á fi bára mu, kí o sì dè é. Dá bátìrì padà. Tan kọ́kọ́rọ́ láìjẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́, fi mítà sí wáyà èsì, kí o rọra ti ọ̀pá ìdarí síwájú. Fóltì gbọ́dọ̀ máa gòkè láìjá." Àwọn ẹ́ńjìnnì kan tún máa ń fẹ́ kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà kọ́ ọpọlọ ní ibi tí ilẹ̀kùn ti tì lákọ̀tun.

Ní ti "replace": ẹni tó kọ "dá ajábọ̀ padà sáàyè rẹ̀" nínú àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ ti fẹ́ kí wọ́n tún èyí tó bàjẹ́ dè padà. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni wọ́n ń lò fún ìdérí ẹ́ńjìnnì tí a dá padà àti fún sẹ́ńsọ̀ tí a pààrọ̀. Pààrọ̀ ni ti ajábọ̀, dá padà ni ti ìdérí. Kí a má pa wọ́n pọ̀.

Ẹni tó ní kí a fi TPS sílẹ̀ kò jìnnà sí òótọ́ nípa ẹnu àwọn oníṣẹ́, torí òun ni wọ́n ń rí lójú ẹ̀rọ àyẹ̀wò. Ẹ jẹ́ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajábọ̀ nígbà àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bá yọjú nínú ìwé, kó sì lọ.

Èyí tó ṣì ń dí mi lọ́wọ́ ni àwọn ẹ́ńjìnnì tí ẹ̀rọ kékeré tó ń fi iná mànàmáná yí ń ṣí ilẹ̀kùn wọn. Èsì méjì ló ń ti ojú kan jáde níbẹ̀, ọpọlọ a sì máa fi ọ̀kan wé ìkejì. Bí wọn kò bá bára mu, á dín agbára ẹ́ńjìnnì kù. Ṣé ajábọ̀ méjì ni ká pè é, àbí ajábọ̀ ẹlẹ́nu méjì? Èmi ń tẹ̀ sí ẹlẹ́nu méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ bí orúkọ yẹn ṣe máa dún létí.