Ẹ má fi ‘ìdíbàjẹ́’ rọ́pò ‘ìjẹrà’

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n kọ̀wé lánàá ní kí a máa lo “ìdíbàjẹ́” fún ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí òkú ẹranko, ewéko àti oúnjẹ tó ti pẹ́, nítorí “ìjẹrà” ń rí èèyàn lára. Ó ń rí èmi náà lára díẹ̀, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, mi ò fara mọ́ ọn.

Bàjẹ́ ti fẹ̀ jù. Ọkọ̀ a máa bàjẹ́, aago a máa bàjẹ́, orúkọ èèyàn pàápàá a máa bàjẹ́. Ta ló gbọ́ ọ rí pé aago jẹrà? Irin a dógùn-ún, àwo a fọ́. Ohun tó ti lẹ́mìí rí, tàbí tó ti ara ẹlẹ́mìí wá, ló ń jẹrà.

Ọsàn kan wà lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ibi tí èèpo rẹ̀ ti bó ti rọ̀. Ó bu funfun yíká, àárín rẹ̀ sì dà bí ewé tútù. Bí mo bá mí sí i, eruku á gbéra. Èmi ni ọsàn bàjẹ́ fún. Ohun tó bu sí i yẹn, ìbátan olú ni, ó sì ń jẹun lọ ní tirẹ̀.

“Tó ti pẹ́” yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n fà. Pípẹ́ kọ́ ló ń mú nǹkan jẹrà. Òkú ọkùnrin tí wọ́n rí nínú yìnyín lórí òkè Alps ní Yúróòpù ní 1991 ti lé ní 5,000 ọdún, awọ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ní nǹkan bí 1860, Louis Pasteur, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé, se omi tó ní èròjà oúnjẹ nínú ìgò tí ọrùn rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ. Afẹ́fẹ́ ń wọlé, àmọ́ eruku àti kòkòrò àìfojúrí há sí ibi tó tẹ̀, omi náà ò sì yí padà. Ìgbà tó ṣẹ́ ọrùn ìgò, kò pẹ́ tí omi fi rú. Níbi tí kò bá ti sí olùjẹ, ìjẹrà kò lè rìn jìnnà.

Mo ní kò lè rìn jìnnà, nítorí òkú a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹ̀mí bá ti bọ́, àwọn ẹnsáìmù (èròjà tó ń da nǹkan) inú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tí ara fi di ara, á tú síta, wọ́n á máa da ẹran ara tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ fún, kí kòkòrò inú ìfun tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹnì kan dábàá “ìjẹra”, ìyẹn kí ara máa jẹ ara rẹ̀, fún ìpele yìí. Ó dùn létí, àmọ́ ẹ wò ó: àmì ohùn kan ṣoṣo ló yà á sọ́tọ̀ kúrò lára “ìjẹrà”, ta ni nínú wa tó ń fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ lórí fóònù? A máa ń sọ pé oúnjẹ dà nínú. Ẹ jẹ́ ká pè é ní “ìdàfúnra”.

“Kan” tí à ń lò fún ọbẹ̀ àti “bu” tí à ń lò fún búrẹ́dì ò níṣòro, kí wọ́n máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ohun tó rọrùn ju “ìdàfúnra” lọ, màá fi tèmi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n lọ gbé ọsàn yìí síta ná.