Yaris 2007 ń tan iná pupa nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ: ṣé kí wọ́n yọ thermostat rẹ̀?

Ọmọ Ìgbómìnà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìdí ọkọ̀. Toyota Yaris tòkunbọ̀ ọdún 2007 ni, ẹ́ńjìnnì 1.5, gíà ọ̀tọmátíìkì. Ọ̀nà Ọ̀mù-Àrán sí Ìlọrin ló ń ná. Kò ní abẹ́rẹ́ tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù. Iná búlúù ló máa ń tàn láàárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, tí ìyẹn bá ti kú, a ò rí nǹkan kan mọ́ àfi tí pupa bá tàn. Láti ìgbà tí ooru oṣù Kẹta ti mú, tí ọkọ̀ bá ń sáré bọ̀ láti Òró dé Àjàṣẹ́-Ìpo, kò sí wàhálà. Àmọ́ tó bá ti há sí Ìpàtà tàbí Post Office ní Ìlọrin fún bíi ogún ìṣẹ́jú, pupa á tàn. Bí ọ̀nà bá ṣí, tó sáré díẹ̀, á kú. Mẹkáníìkì ní kí òun yọ thermostat (fáàfù kékeré tó ń ṣí, tó sì ń pa ọ̀nà omi ẹ́ńjìnnì dé) dànù, pé ilẹ̀ wa kì í tutù, a ò nílò rẹ̀. Omi lásán ló wà nínú rédíétọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Kí ló yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò ká tó náwó?

Alàgbà Tanke
Ẹ má jẹ́ kó yọ ọ́. Ẹ tún ohun tí ẹ fúnra yín kọ kà, ìdáhùn wà níbẹ̀. Tí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn iwájú ló ń tu rédíétọ̀ lára. Tó bá dúró, fáànù nìkan ló kù. Ọkọ̀ tó ń gbóná lórí ìdúró, tó ń tutù lórí eré, fáànù ni ká fura sí, tàbí ìdọ̀tí tí kò jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá. Thermostat tó bá lẹ̀ pa kì í mọ ìdúró yàtọ̀ sí eré. Kí ọkọ̀ tó dé Òró ló ti máa hó.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lórí ìdúró, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ tan AC. Fáànù gbọ́dọ̀ yí láìpẹ́ sígbà tí AC bá gbà á. Ẹ pa AC, ẹ dúró: tí ooru bá dé nǹkan bíi 95°C, ó tún gbọ́dọ̀ yí fúnra rẹ̀, kó sì dúró tó bá tutù. Bí kò bá yí nínú méjèèjì, ẹ ti rí i.

Bó bá ń yí dáadáa, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí àárín rédíétọ̀ àti pánẹ́ẹ̀lì AC tó wà níwájú rẹ̀. Eruku ọyẹ́, ewé gbígbẹ àti kòkòrò máa ń kóra jọ sí àlàfo yẹn bíi fóòmù, ẹni tó dúró síwájú ọkọ̀ kò sì lè rí i. Láti ìhà ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ ti da omi sí i, kí ìdọ̀tí lè gba ibi tó gbà wọlé padà jáde. Ẹ má lo ẹ̀rọ ìfọkọ̀ tó ń ta omi fíà, ó máa ń tẹ àwọn abẹ irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn mọ́lẹ̀, atẹ́gùn ò sì ní kọjá mọ́.

Ní ti thermostat, kì í ṣe tìtorí òtútù ìlú ni wọ́n ṣe fi síbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí ẹ́ńjìnnì tètè gbóná dé ibi tó yẹ, kó sì dúró síbẹ̀. Ti Yaris máa ń bẹ̀rẹ̀ sí ṣí láàárín 80 sí 84°C. Tí wọ́n bá yọ ọ́, iná búlúù á máa pẹ́ kó tó kú, kọ̀ǹpútà á rò pé ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, á máa da epo sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Ọkọ̀ kékeré tí a rà nítorí epo, ẹ wá sọ ọ́ di ọ̀mu. Ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ ọ́ tẹ́lẹ̀ kó tó dé ọwọ́ yín. Láàárọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ṣíná, ẹ fọwọ́ kan rọ́bà ìsàlẹ̀ rédíétọ̀: ó yẹ kó tutù fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bó bá ń lọ́wọ́ọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, kò sí thermostat níbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ dán ti àtijọ́ wò, kó gbé e sínú ìkòkò omi tútù, kó gbé e kaná. Tútù, ó gbọ́dọ̀ pa dé. Kí omi tó hó, ó gbọ́dọ̀ ti là gbàgà. Tí ẹ bá ń dá a padà, ihò kékeré tó ní irin tó ń mì létí rẹ̀ ni kó wà lókè, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde.

Omi lásán náà, ẹ yọ ọ́. Wọ́n máa ń ní kò sí yìnyín níbí, kí la fẹ́ fi coolant, omi àkànṣe tí wọ́n ń dà sí rédíétọ̀, ṣe. Ìpata ló ń dá dúró, ó sì ń jẹ́ kí omi pẹ́ kó tó hó. Ọmọrí rédíétọ̀ pàápàá wà lára rẹ̀: ìtẹ̀ tó dì mọ́ inú ló ń jẹ́ kí omi lè dé nǹkan bíi 120°C láìhó. Tí rọ́bà ọmọrí bá ti le tàbí tó ti ya, 100 náà ló ti máa hó. Ohun olówó pọ́ọ́kú ni, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Gbogbo omi tí ẹ́ńjìnnì yìí ń gbà kò pé lítà 5. Ẹ tú u nísàlẹ̀ nígbà tó tutù, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án títí tí kò fi pọ́n mọ́, kí ẹ wá da coolant àti omi dístílì sí i ní ìlàjì-ìlàjì. Èyí tí wọ́n ti pò tẹ́lẹ̀ kò gba omi rárá, ẹ ka ara kéègì. Ẹ yí bọ́tìnnì ooru inú ọkọ̀ sí ibi tó gbóná jù, ẹ ṣí ọmọrí sílẹ̀, ẹ ṣíná, kí ẹ máa fún rọ́bà òkè díẹ̀díẹ̀ títí tí afẹ́fẹ́ kò fi ní máa hó jáde fùrùfùrù mọ́.

Ìyá Ọlọ́kọ̀ Gànmọ́
Òótọ́ ni gbogbo ohun tí alàgbà sọ, ẹ ṣé gan-an, sà. Àmọ́ iná pupa ti tàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ wo tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn pẹlẹbẹ tó dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, kí ẹ tó ra ohunkóhun. Alúmíníọ̀mù ni ẹ́ńjìnnì yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ooru máa ń tètè ká a. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, kí ẹ sì wo abẹ́ ọmọrí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí. Bó bá funfun ràkọ̀ràkọ̀ bí ọ̀gì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́, omi ti wọ inú ọ́ìlì, ẹ má ṣíná mọ́. Ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ ṣí rédíétọ̀, ẹ ṣíná: bí omi bá ń ru sókè láìdáwọ́ dúró lẹ́yìn tí afẹ́fẹ́ ti tán nínú rẹ̀, gáàsì inú ẹ́ńjìnnì ló ń jò wọ inú omi. Ìyẹn ju ọ̀rọ̀ fáànù lọ.

Ẹ tún wo wọ́tà pọ́ǹpù. Bẹ́líìtì ìta ló ń yí i nínú ọkọ̀ yìí. Èèpá funfun tàbí aláwọ̀ osùn lábẹ́ rẹ̀, ó ń jò nìyẹn.

Tí pupa bá tàn lójú ọ̀nà, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Ẹ má da omi tútù lé e. Ó kéré tán, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó fi aṣọ nípọn yí ọmọrí.

Ọmọ Ìgbómìnà
Mo dúpẹ́ púpọ̀, ẹ̀yin òbí mi. Ọ́ìlì mọ́, omi kò ru. Thermostat wà níbẹ̀. Àmọ́ a tan AC, fáànù ò mira rárá. Ṣé kí a ra fáànù tuntun ni?

Rìwáyà Gárèjì Ọ̀fà
Ẹ má tíì rà á. Àwòrán wà lábẹ́ ìdérí àpótí fúùsì tó wà nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ fi wá fúùsì fáànù. Bó bá jó, ẹ wá ohun tó jó o, ẹ má fi èyí tó tóbi jù ú lọ sí i, wáyà ló máa jó tẹ̀ lé e. Bí fúùsì bá dára, ẹ yọ relay fáànù (suwíìṣì kékeré tó ń fún un ní iná), kí ẹ fi òmíràn tí nọ́ńbà ara rẹ̀ bá a mu rọ́pò rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bó bá yí, relay ni.

Bí kò bá yí, ẹ pa ọkọ̀, ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì fáànù, ẹ fa wáyà méjì láti bátìrì tààrà sí i. Ẹ mú ọwọ́ àti aṣọ jìnnà. Bó bá yí geere, mọ́tò dára, wáyà tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì ló bàjẹ́. Ẹ wo ẹnu irin inú rẹ̀ bóyá ó ti dúdú. Bó bá jẹ́ pé àfi tí ẹ bá fi igi gbá a jẹ́jẹ́ kó tó yí, káábọ̀nù inú mọ́tò ti jẹ tán. Ìyẹn ni ẹ máa pààrọ̀.

Ọ̀pọ̀ máa ń ní kí a so fáànù mọ́ kíì kó máa yí láti ìgbà tí wọ́n bá ti ṣíná. Ẹ má gbà. Bátìrì àti mọ́tò náà kò ní pẹ́, ẹ ò sì ní mọ ìgbà tí sẹ́ńsọ̀ bá kú.

Ẹ ra ẹ̀rọ ELM327 kékeré tó ń fi Bluetooth ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ẹ fi sínú ihò tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, fóònù á máa fi ooru hàn yín ní nọ́ńbà. Ó wúlò gan-an fún ọkọ̀ tí kò ní abẹ́rẹ́. Láàárín 85 sí 95, ẹ máa lọ. Bó bá kọjá 105, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí pupa tó tàn.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá so fáànù padà, ẹ gbé abala ìwé kan síwájú pánẹ́ẹ̀lì AC nígbà tó ń yí. Ó gbọ́dọ̀ fa ìwé náà mọ́ra. Bó bá ń tì í dànù, wọ́n ti gbé wáyà méjèèjì fún ara wọn.