Ohun tí mo rí nígbà tí mo fi íntánẹ́ẹ̀tì wọn owó àtúnṣe ọkọ̀ l'Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin ará, nítorí àwọn tó ń béèrè bóyá iye tí íntánẹ́ẹ̀tì bá dá lé àtúnṣe ọkọ̀ ṣeé gbára lé níbí, mo fẹ́ sọ ti Corolla 2005 mi, tí iwájú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbàgà-gbàgà nínú gbogbo kòtò tó wà láti Ọbáńtókò dé Kútọ̀. Mẹkáníìkì wò ó, ó ní lower arm méjèèjì, irin tó so ẹsẹ̀ iwájú mọ́ ara ọkọ̀, ti lọ, kí n mú 145,000 náírà wá: 130,000 fún ọjà tòkunbọ̀, 15,000 fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Kí n tó dá a lóhùn, mo wo RepairPal, ìkànnì Amẹ́ríkà tó máa ń ṣírò iye tó yẹ kí àtúnṣe jẹ́ fún irú ọkọ̀ àti àdúgbò tí èèyàn bá tọ́ka sí. Àròpọ̀ tí wọ́n gbé wá kò kàn wá rárá. Wákàtí ni wọ́n fi ń gba owó iṣẹ́ lọ́hùn-ún, wákàtí kan sì sábà máa ń ju 100 dọ́là lọ. Níbí, odidi iṣẹ́ ni à ń dá iye lé, tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa sì ń rà.

Ohun tó wúlò ni pé wọ́n ya owó ọjà sọ́tọ̀ kúrò lára owó iṣẹ́. Nígbà tí mo ya tiwa náà bẹ́ẹ̀, mo rí i pé owó iṣẹ́, tí a máa ń ná títí tí inú fi ń bí mẹkáníìkì, kò tó nǹkan. Inú owó ọjà ni àlékún tí mẹkáníìkì fi ń jèrè máa ń wà. Mo yẹ Jiji, ìkànnì tí wọ́n ti ń polówó ọjà, wò, ṣùgbọ́n iye tí olùtajà kọ síbẹ̀ kì í ṣe iye tó máa gbà bí a bá ná an, ìpolówó tó sì ti wà kí Báńkì Àpapọ̀ tó jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà ní oṣù kẹfà 2023 kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Mo kúkú pe olùtajà kan ní ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ládìpọ̀, l'Ékòó, ó ní 84,000 ni méjèèjì, òun á sì fi ránṣẹ́ sí gáréèjì Kútọ̀ ní 4,000.

Mo padà lọ bá mẹkáníìkì. Mo ní, “Ọ̀gá, mi ò ní ná owó iṣẹ́ yín rárá, ẹ kàn jẹ́ kí n ra ọjà fúnra mi.” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Màmá, bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má wulẹ̀ ra odidi. Bushing, rọ́bà inú rẹ̀, nìkan ló ti bàjẹ́, ball joint, oríkèé rẹ̀, ṣì le.”

Mi ò pè é lólè. Ẹni tó bá fi ọ̀sán gangan sùn sábẹ́ ọkọ̀ kò lè fi 15,000 gbọ́ bùkátà, ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú wọn fi ń wá tiwọn lórí ọjà. Mo sọ owó iṣẹ́ rẹ̀ di 25,000, a ra bushing tuntun, wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ wọ inú arm àtijọ́, gbogbo rẹ̀ kò sì tó 60,000 pẹ̀lú alignment, ìyẹn títo táyà kó dúró gún, èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ béèrè, torí kì í sí nínú iye tí mẹkáníìkì máa ń kọ́kọ́ pè.

Ẹ̀yin tí ẹ ti tún jíà ṣe l'Abẹ́òkúta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya owó ọjà àti owó iṣẹ́ tiyín sọ́tọ̀ fún wa.