Nọ́ọ̀sì tí ìjọ fẹ́ mú lọ sí Freetown fún iṣẹ́ ìhìnrere: kí ló yẹ kó béèrè kó tó sanwó?

Nọ́ọ̀sì Ṣàgámù béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìjọ wa níbí ní Ṣàgámù ń múra láti rán ikọ̀ kan lọ sí Freetown, ní orílẹ̀-èdè Sierra Leone, fún iṣẹ́ ìhìnrere, wọ́n sì ní kí n bá wọn lọ láti bójú tó ètò ìwòsàn ọ̀fẹ́ tí wọn yóò fi pe àwọn ènìyàn jọ kí ìwàásù tó bẹ̀rẹ̀. Olúkúlùkù ni yóò wá owó ọkọ̀ ara rẹ̀, ìjọ yóò sì ra oògùn. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè ẹni tí ó pè wá lọ́hùn-ún àti irú àìsàn tí a ń lọ tọ́jú, èsì tí mo gbà ni pé Ẹ̀mí Mímọ́ yóò tọ́ wa sọ́nà. Èmi náà gbà pé Ẹ̀mí ń tọ́ni sọ́nà, àmọ́ n kò rò pé ìyẹn ní kí a má kọ lẹ́tà. Oṣù kẹjọ ni wọ́n ń wò, nítorí ìsinmi ilé-ìwé. Àwọn ìwé wo ni kí n wá, kí ni kí n sì béèrè lọ́wọ́ àwọn aṣáájú kí n tó san owó?

Ọmọ Ìpẹ́rù dáhùn pé:

Ẹ kú ìmúra o. Ti ìwé kò le rárá. Nàìjíríà àti Sierra Leone jọ wà nínú ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nítorí náà ẹ kò nílò físà bí ẹ kò bá ní lò ju ọjọ́ 90 lọ. Ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì sún mọ́ ìparí àti káàdì àjẹsára ibà pọ́njú (yellow fever) ni wọn yóò béèrè ní pápákọ̀ òfuurufú. Abẹ́rẹ́ yẹn kì í fẹsẹ̀ múlẹ̀ lójú òfin àfi lẹ́yìn ọjọ́ 10 tí ènìyàn gbà á, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni nínú ikọ̀ yín má ṣe dúró di ọ̀sẹ̀ ìrìn àjò. Ẹni tí ó bá ti gbà á rí tí káàdì rẹ̀ wà lọ́wọ́ kò ní í gbà á mọ́, nítorí pé láti ọdún 2016 ni òfin ìlera àgbáyé ti kà á sí ti gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. Ọwọ́ ìjọba ni kí ẹ ti gbà á, ẹ má sún mọ́ àwọn tí ń ta káàdì láìgún ènìyàn lábẹ́rẹ́.

Oṣù kẹjọ gan-an ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Oṣù keje àti ìkẹjọ ni òjò wọn máa ń le jù, òjò tí ti Rẹ́mọ kò tó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2017, òkè ya lulẹ̀ ní Regent, lẹ́bàá Freetown, ó sì bo ilé àti ènìyàn mọ́lẹ̀. Àwọn tí ó kú àti àwọn tí a kò rí mọ́ lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ẹ tún rántí pé Lungi ni pápákọ̀ wọn wà, òdìkejì omi sí Freetown. Ẹni tí kò bá fẹ́ fi mọ́tò yí ká fún wákàtí púpọ̀ ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi. Bí bàálù bá balẹ̀ lóru, tí òjò ń rọ̀, tí ẹ ń gbé páálí oògùn sínú ọkọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, omi yóò ti wọ inú páálí kí ẹ tó gúnlẹ̀. Bí ó bá di dandan, inú ike tí ó ní ọmọrí ni kí ẹ kó o sí. Gàárì Ìjẹ̀bú tiyín náà, ibẹ̀ ni kó wà.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Ìjẹ̀bú-Òde dáhùn pé:

Àbúrò mi, ìbéèrè rẹ nípa ẹni tí ó pè yín ni ó ṣe pàtàkì jù, má sì jẹ́ kí wọ́n fi àdúrà gbà á lẹ́nu rẹ. Ìwé-àṣẹ iṣẹ́ tí a gbà ní Nàìjíríà kò fún wa láṣẹ láti gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́ ní Sierra Leone. Àwọn aláṣẹ ìlera ibẹ̀ ni yóò fọwọ́ sí i, àjọ tí ń mójú tó oògùn lọ́dọ̀ wọn sì gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa oògùn tí ẹ ń kó wọlé. Ilé ìwòsàn tàbí ìjọ tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó lè bá yín rìn ín.

Fojú inú wo ìyá àgbàlagbà kan tí o fi ẹ̀rọ sí lápá, tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ jẹ́ 180 lórí 110. O fún un ní oògùn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbàdúrà fún un, ẹ wọ bàálù padà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe oògùn ibà tí ènìyàn ń lò tán tí ó sì parí. Ojoojúmọ́ ni, títí ayé ni. Bí kò bá sí ilé ìwòsàn kan ní àdúgbò rẹ̀ tí ó ti gba orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó lọ, ẹ̀rù nìkan ni ẹ fi sí i lára. Láti ọdún 2010 ni ìjọba wọn ti gbé ètò ìtọ́jú ọ̀fẹ́ kalẹ̀ fún aláboyún, abiyamọ àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, nítorí náà ẹ béèrè ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó nínú ètò náà kí ìjọ tó ná owó sórí oògùn. Ó lè jẹ́ ẹ̀rọ ìdíwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru àti bátìrì rẹ̀ ni wọ́n fẹ́. Ohun kan tún wà tí kò dùn mọ́ mi: kí a fi oògùn fa aláìsàn wá síbi ìwàásù. Bí ó bá wù ú kó gbọ́, yóò gbọ́; ẹni tí inú ń run kò lè sọ pé rárá.

Bàbá Ìkẹ́nnẹ́ dáhùn pé:

Ọmọ mi, n kò ní í dẹ́kun yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi. Freetown ni Àjàyí Crowther ti kàwé, òun sì ni akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay College ní ọdún 1827. Àwa Ìjẹ̀bú kò gba àwọn míṣọ́nnárì láyè dáadáa títí di ẹ̀yìn ogun Ìmàgbọ̀n tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá wa jà ní 1892. Ìjọ tí ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ sì ń lọ bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ Jésù fún wọn rí. Ìwópin àti Mákùn-Omi wà nítòsí wa níbí. Owó bàálù ènìyàn kan yóò ṣe ohun púpọ̀ ní etí omi yẹn.

Ọmọ Ìpẹ́rù dáhùn pé:

Bàbá, ẹ ṣeun. Òótọ́ ni ti ìjọ ìgbàanì, àmọ́ tí ènìyàn bá kúrò ní Freetown sí ìgbèríko, Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ jù lọ, àwọn ìjọ kéékèèké ibẹ̀ sì lè fẹ́ alábàáṣiṣẹ́. Ohun tí mo fara mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé kí ẹni tí ń lọ mọ̀ pé àlejò ni òun. Mákùn-Omi náà, kí wọ́n lọ síbẹ̀ kọ́kọ́ lọ́dún yìí.

Nọ́ọ̀sì Ṣàgámù dáhùn pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti kọ ìbéèrè mẹ́ta sílẹ̀ fún ìpàdé ọjọ́ Sátidé: orúkọ ìjọ tàbí ilé ìwòsàn tí ó ń gbà wá lálejò, lẹ́tà àṣẹ fún iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti oògùn, àti ìdí tí a kò fi lè sún un sí oṣù kejìlá tí òjò ti dá. Bí wọn kò bá rí ti àkọ́kọ́ dáhùn, n kò ní í san owó.